Ọkọ̀ Abẹ́ Omi tí Òṣùpá Bò Mọ́lẹ̀

Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 1969, nígbà tí ènìyàn kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ òṣùpá, òkè ni ojú gbogbo ayé wà. Ta ni ó rántí ọkùnrin mẹ́fà tí ń bẹ nísàlẹ̀ òkun? Jacques Piccard ni olórí wọn, Ben Franklin ni ọkọ̀ wọn. Láti ọjọ́ 14 oṣù náà, létí Florida, ni wọ́n ti wọ inú rẹ̀. Ọjọ́ 30 ni ìṣàn omi Gulf Stream fi gbé wọn lọ sí ìhà àríwá, ó ju 2,000 kìlómítà lọ. NASA pàápàá fi ènìyàn kan sí àárín wọn, láti ṣàkíyèsí bí a ti í gbé pọ̀ ní ibi híhá, nítorí àwọn tí yóò rìn jìnnà lójú òfurufú.

Lónìí ọkọ̀ náà wà ní gbangba níwájú ilé ìṣẹ̀m̀báyé ọkọ̀ ojú omi ní Vancouver, ní Kánádà. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é ní irin àtijọ́ lásán, àwa kò gbà. Ìwé lè ka ọjọ́ 30 náà fún ọmọdé. Ṣùgbọ́n bí ó bá dúró tì í, tí ó fi ẹsẹ̀ wọn gígùn rẹ̀, nǹkan bí mítà 15 péré, yóò mọ bí ibẹ̀ ti há tó fún ènìyàn mẹ́fà.