Ẹ́ńjìnnì Tí Amẹ́ríkà Kọ̀ Sílẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá pàdé ọkọ̀ MGB ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ẹ bẹ olówó rẹ̀ kí ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó yìn ín.

Ọkọ̀ afẹ́ kékeré ni, sílíńdà mẹ́rin ló ní. Ní 1967, ilé-iṣẹ́ MG ki ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà bọ̀ ọ́, wọ́n pè é ní MGC. Irin ni ẹ́ńjìnnì náà. Ó wúwo débi pé iwájú ọkọ̀ kì í fẹ́ gbọ́ràn sí awakọ̀ lẹ́nu kọ́nà. Ní 1969, wọn kò ṣe é mọ́.

Awakọ̀ eré-ìje kan, Ken Costello, ló wá mú V8 ti Rover, onílítà 3.5. Buick ti Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ṣe é. Wọ́n pa á tì lẹ́yìn 1963, Rover sì ra ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1965. Alumíníọ̀mù ni, nítorí náà sílíńdà rẹ̀ mẹ́jọ kò wúwo ju mẹ́rin onírin tí Costello yọ kúrò lọ. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Agbára nìkan, ta ni kò lè rà á?

MG náà gbé V8 tirẹ̀ jáde ní 1973. Ta ni yóò tún máa wá Costello lọ? Ọdún yẹn kan náà ni epo rọ̀bì gbówó lórí. 2,591 péré ni wọ́n ṣe títí di 1976. Ti Costello kò tó bẹ́ẹ̀ rárá, òun ni èmi ìbá sì yàn. Wọn kò ta ti MG yìí ní Amẹ́ríkà, ilé bàbá ẹ́ńjìnnì náà.