Àfọ̀njá àti Àwọn tí Inú Ń Bí

Ìbéèrè kan náà ni a ń gbọ́ ní ìpàdé, láti Owé títí dé Yàgbà: kí ni kí a ṣe sí ẹni tí inú bí, tí ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ bá ẹgbẹ́ mìíràn? Àwọn kan pè é ní ọ̀dàlẹ̀, wọ́n sì rò pé ó parí. Ẹ jẹ́ kí a wo Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tí ó jókòó sí Ìlọrin.

Ní nǹkan bí ọdún 1795, Aláàfin Aólẹ̀ pàṣẹ fún un kí ó lọ kọlu Ìwéré-Ilé, ìlú orí òkè tí apá ogun kì í sábà ká. Ìtàn sọ pé Kakaǹfò tí kò bá ṣẹ́gun láàárín oṣù mẹ́ta kò gbọdọ̀ padà wálé láàyè. Ta ni kò mọ̀ pé ikú ni wọ́n rán an lọ rà? Òun àti Baṣọ̀run Aṣamú yí ogun padà sí Ọ̀yọ́, Aólẹ̀ sì gbé májèlé jẹ. Títí dé ibí, a kò lè di gbogbo ẹ̀bi ru Àfọ̀njá. Kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa náà gbọ́ èyí.

Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà ni àwa kò lè gbè é sí. Kò tẹríba fún Aláàfin kankan mọ́. Kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i, ó pe Àlímì, àlùfáà Fúlàní, wá sí Ìlọrin. Láti ọdún 1817, ó gba àwọn ẹrú Haúsá tí ó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn sínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí a ń pè ní jàmáà. Wọ́n jà fún un, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe tirẹ̀. Wọ́n ń kó ẹrù àwọn ará ìlú. Fágbohùn, baálẹ̀ Jabàtà, kìlọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ìbínú ni ó fi dá a lóhùn. Ní nǹkan bí ọdún 1824, jàmáà dojú ìjà kọ ọ́. Ó ránṣẹ́ sí Ṣólágbẹ́rú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ṣólágbẹ́rú, ọmọ Yorùbá, kò wá. Àfọ̀njá jà títí wọ́n fi pa á. Ọwọ́ kan náà ni ó wá pa Ṣólágbẹ́rú. Kì í ṣe ẹ̀yà ẹnikẹ́ni ni a ń bá wí, bí kò ṣe ẹni tí ó fi ohun ìjà lé ọwọ́ tí kò lè dá dúró.

Àwa ará Okun kò ní Kakaǹfò kankan. Ìlú kọ̀ọ̀kan ń dá kojú ogun Nupe láti Bídà, ènìyàn ni a sì fi ń san owó orí fún wọn, títí di ọdún 1897 tí àwọn ọmọ ogun Kọ́ḿpìnnì Royal Niger fi dé Kabba. Ọ̀pọ̀ ìdílé wa ni kò tún rí àwọn tí a kó lọ mọ́.

Nítorí náà, ẹni tí inú bá bí, kí ó wá sọ ọ́ ní gbangba ìpàdé, bí ó bá sì jàre, kí a fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un kíákíá. Bí a bá kọ̀ tí ó sì lọ, a kò ní bú u. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá torí ipò kó jàǹdùkú láti ìta wọ wọ́ọ̀dù wa, a kò ní gbà á padà, ìbáà ṣe ọmọ ta ni.