Ta Ni Ó Ń Wo Fọ́tò Ọmọ Yín?

Ẹ̀yin òbí wa tí ẹ wà ní ẹ̀yìn odi, ọ̀rọ̀ fọ́tò ọmọ ni mo fẹ́ bá yín sọ, pàápàá èyí tí a ń fi fóònù yà.

A bí ọmọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá àgbà wà ní Òṣogbo, kò rí físà gbà. Kò lè wẹ ọmọ náà fúnra rẹ̀, kò lè nà án lápá, kò lè nà án lẹ́sẹ̀. Nítorí náà, a ya ọmọ nínú ọpọ́n ìwẹ̀, a yà á pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ ní ìdí, a ya ìdodo rẹ̀ kí Màmá lè sọ fún wa bóyá ó ti ń jiná. Ìfẹ́ ni, èmi kò sì bá ẹnikẹ́ni wí nítorí rẹ̀.

Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni ohun tí fóònù ń ṣe lẹ́yìn tí a bá ti ya fọ́tò tán. Bí ètò ìpamọ́ rẹ̀ bá wà ní ṣíṣí, yóò fi ẹ̀dà fọ́tò náà ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, sí ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó ni áàpù tí a ń lò. Ẹ̀rọ ni ó sì lè kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 2021, bàbá kan ní San Francisco rí i pé abẹ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wú. Àkókò àrùn Kòrónà ni, nọ́ọ̀sì sì ní kí wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ kí dókítà lè wò ó. Dókítà fún ọmọ ní oògùn, ara rẹ̀ sì yá. Ṣùgbọ́n fóònù bàbá yìí ti fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Google Photos, ẹ̀rọ ibẹ̀ sì kà á sí àwòrán ìbàjẹ́ ọmọdé. Kò pẹ́ tí Google fi ti àkáǹtì rẹ̀ pa. Ímeèlì rẹ̀ lọ, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ lọ, fọ́tò ọmọ rẹ̀ gbogbo tí ó wà níbẹ̀ sì lọ. Àwọn ọlọ́pàá wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì kọ̀wé pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀. Síbẹ̀ Google kò dá àkáǹtì náà padà. Ìwé ìròyìn New York Times ni ó gbé ìtàn yìí jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2022.

Ẹ fi ara yín sí ipò rẹ̀. Inú ímeèlì kan náà ni lẹ́tà físà wa wà, àti ti ilé-ìwé ọmọ. Iṣẹ́ ìgbáyégbádùn ẹbí ni mo ń ṣe. Mo mọ bí ojú òbí ti ń rí nígbà tí àjèjì bá jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ tí ó ń bi í léèrè nípa ọmọ tirẹ̀. Kì í ṣe pé mo lòdì sí wíwá àwọn tí ń ba ọmọdé jẹ́. Wọ́n wà, iṣẹ́ mi sì ti mú mi rí ohun tí ọwọ́ wọn ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ ohun tí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí jẹ́.

Bí áàpù kan bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun rí fọ́tò yín, ẹ má ṣe tẹ "gbogbo rẹ̀" nítorí ìkánjú. Láti ọdún 2020 ni iPhone ti fún wa láyè láti mú kìkì èyí tí a bá fẹ́; Android tẹ̀lé e ní 2023. Mo yẹ fóònù tèmi wò kí n tó kọ èyí, mo sì rí i pé áàpù tí mo fi ń ra oúnjẹ ní àyè sí gbogbo fọ́tò mi. Kí ni ẹni tí ń ta iṣu fẹ́ fi ìkómọjáde ọmọ mi ṣe?

Ẹ tún wo WhatsApp. Bí a kò bá dá a dúró, ó máa ń fi fọ́tò tí a rí gbà sínú àpò fọ́tò fóònù, ètò ìpamọ́ sì lè gbé e láti ibẹ̀. Ìwẹ̀ ọmọ àbúrò yín ní Ìbàdàn, tí wọ́n fi sí ẹgbẹ́ ẹbí, lè di ẹrù tiyín báyìí.

Ní ti Màmá, ẹ pè é lórí fídíò ní àkókò ìwẹ̀. Ẹ gbé fóònù ka orí àga, kí ó máa wò yín, kí ó máa pariwo pé kí ẹ di ọrùn ọmọ mú dáadáa. Bí ẹ bá wọṣọ fún ọmọ tán, ẹ wá ya fọ́tò, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí páálí, kí ẹ sì fi rán ẹni tí ó ń lọ sílé. Ògiri pálọ̀ Màmá ní Òṣogbo ń retí rẹ̀.