Ọ̀rọ̀ Kékeré Tí Ń Ṣáájú Ọ̀rọ̀ Dídùn

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni ìyá oníṣòwò kan, ẹni tí ń ta aṣọ ní ọjà Balógun ní Èkó, mú lẹ́tà kan tọ̀ wá wá. Bèélì aṣọ méje ni ó rà láti òkè òkun. Omi ti ba mẹ́ta nínú wọn jẹ́ kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀, ó sì ti kọ̀wé sí àwọn tí ó tà á fún un pé kí wọ́n dá owó òun padà. Èsì tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Ọmọ rẹ̀, ẹni tí ó ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ gíga, kà á fún un, ó sì túmọ̀ rẹ̀ pé wọn yóò dá gbogbo owó náà padà láìpẹ́. Ìyá ti gba ọ̀dọ̀ ẹni tí ó yá a lówó lọ, ó sì ti dá ọjọ́ fún un. Nígbà tí àwa ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, inú wa kò dùn. Ohun tí a kọ síbẹ̀ ni pé, "We may consider a full refund in due course."

Ọmọ náà kò purọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ya òpè. "Full refund" ni ojú rẹ̀ rí, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ síbẹ̀. Bí èdè Gẹ̀ẹ́sì ti rí nìyẹn. Òyìnbó a máa fi ọ̀rọ̀-àpèjúwe ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ: "good price," "early reply," "fair share," "careful attention." Adùn a ti kan ètè kí ènìyàn tó dé ìdí ọ̀rọ̀. Ní tiwa, owó ni a ó kọ́kọ́ dá, kí a tó wí pé ó pé. Ṣùgbọ́n kí Òyìnbó tó dárúkọ ohun dídùn wọ̀nyí rárá, ọ̀rọ̀ kékeré kan ti kọjá níwájú wọn: may, can, must, shall, will, should. Ojú tí ń wá adùn a fo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dá. Àwa sì ń wí pé òun gan-an ni òṣùwọ̀n, àti pé ẹni tí kò bá kọ́kọ́ wò ó kò tíì ka lẹ́tà náà.

Ẹ jẹ́ kí a mú "a good price" nìkan, kí a gbé e ka orí òṣùwọ̀n wọ̀nyí. Bí ẹnì kan bá wí fún yín pé "You will get a good price," ó ti ṣèlérí, ẹ lè dì í mú. Bí ó bá wí pé "You should get a good price," ó ń retí rẹ̀ ni. Bí ọjà bá bàjẹ́, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. "You may get a good price" kò ju bóyá lọ. "You might get a good price" ni bóyá tí ó ti ń ṣàárẹ̀. Ní ti "You could have got a good price," ọjà ti tú, ó kàn ń bá yín dárò ni. Iye kan náà ni, ọjà kan náà ni, síbẹ̀ ẹnì kan ń lọ sílé pẹ̀lú owó, ẹnì kejì ń lọ pẹ̀lú ìkẹ́dùn.

Ohun tí ó fa àṣìṣe fún wa kò ṣòro láti rí. "Lè" wa kan ṣoṣo ni ó ń ru ẹrù can, may, could àti might. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ lójúkojú, ohùn àti ojú ni ó ń fi ìyàtọ̀ hàn, a sì ní "bóyá" àti "ó ṣeé ṣe kí" lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà kò ní ohùn, kò sì ní ojú.

"Must" ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan túmọ̀ "He must be a rich man" sí pé ọkùnrin náà gbọdọ̀ jẹ́ olówó, bí ẹni pé ìjọba ti pa á láṣẹ fún un kí ó má tòṣì! Àbá ni Òyìnbó ń dá níbẹ̀: ó rí ilé, ó rí ọkọ̀, ó wí pé á jẹ́ pé olówó ni. Ṣùgbọ́n "You must pay a small fee" kì í ṣe àbá, ẹ mú owó wá. Bí ohun tí ó tẹ̀ lé e bá jẹ́ irú ẹni tí ènìyàn jẹ́, àbá ni ó sábà máa ń jẹ́. Bí ó bá jẹ́ ohun tí a ó ṣe, àṣẹ ni. Bákan náà ni "may." "You may use the front door" ni ìyọ̀ǹda, "He may be a big man" kì í ṣe ìyọ̀ǹda fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Òyìnbó bá sì wí báyìí, kí ẹ dúró de "but," nítorí ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó ti fi ìyìn san owó ibodè ni, kí ó lè ríbi kọjá bá ohun tí ó fẹ́ sọ gan-an.

Àwọn tí ó mọ ìtàn èdè náà fi hàn wá pé ọ̀rọ̀-ìṣe gidi ni àwọn wọ̀nyí láyé àtijọ́. "Can" ni mímọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń wí pé ẹnì kan mọ ìlù lù. "Will" ni fífẹ́, àwa náà a sì máa wí pé òjò fẹ́ rọ̀. "May" ni agbára. Èyí tí ó yà wá lẹ́nu jù ni "shall," nítorí gbèsè ni: ẹni tí ó bá lò ó nígbà náà, ohun tí ó wí ni pé òun jẹ gbèsè. Ìbátan rẹ̀ nínú èdè Jámánì, Schuld, ṣì ń túmọ̀ sí gbèsè àti ẹ̀bi títí di òní.

Láti ọdún 1653 tí John Wallis ti tẹ ìwé gírámà rẹ̀ jáde ni a ti ń kọ́ àwọn ọmọ pé "I shall" ni kí wọ́n wí, ṣùgbọ́n "you will". Ọ̀pọ̀ àgbà wa ni a sì fi pàṣán kọ́ ní òfin yìí, èyí tí àwọn Òyìnbó fúnra wọn kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí mọ́. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà ìjọba àpapọ̀ fún ìwé kíkọ tí ó yé ni gba àwọn òṣìṣẹ́ níyànjú pé "must" ni kí wọ́n kọ dípò "shall." Ní ilẹ̀ wa, Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 kún fún "shall" dẹ́múdẹ́mú. Nínú orí kejì rẹ̀, ìjọba "shall" pèsè ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, a sì rọra fi "as and when practicable" há a láàrin. Ìpín kẹfà ìwé kan náà sì ti ilẹ̀kùn ilé-ẹjọ́ mọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ mú orí kejì náà nìkan pe ìjọba lẹ́jọ́. Gbèsè ni a kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n a kò fún ẹni tí a jẹ lọ́nà àtibéèrè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ìyá wa. "May" ni wọ́n kọ, kì í ṣe "will." Ríronú ni wọ́n lè ṣe, kì í ṣe sísan. "Due course" sì ni àkókò tí ó yẹ, àwọn fúnra wọn ni yóò sì mọ ìgbà tí ó yẹ. A jókòó, a kọ ìwé mìíràn fún un. A béèrè iye owó náà ní nọ́ńbà, a béèrè ọjọ́ tí yóò dé, a sì béèrè bóyá wọn "will" san án tàbí wọn kì yóò san án. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ kí a fi "kindly" sí i, a sì fi sí i.

Ìyá dìde, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó yá mi lówó ni mo ń padà lọ báyìí. Kí ni kí n wí fún wọn?"

A ní, "Ìyá wa, ẹ wí fún wọn pé bóyá ni."