A Kì í Fi Ọwọ́ Òsì Júwe Oúnjẹ Baba Ẹni

Nígbà tí a lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú àwọn tí a kọ́ ní ìwé rí ní Bàrígà, tí ó ti di onílé àti ọlọ́mọ níbẹ̀, fi inú rere mú wa lọ jẹun ní ilé oúnjẹ kan tí a ṣètò ní àṣà Amẹ́ríkà. Písà ni wọ́n ń tà níbẹ̀: búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí ó fẹ̀ bí àtẹ kékeré, tí a da tòmátì lílọ̀ àti wàràkàṣì lé lórí, tí a yan nínú ààrò, tí a sì gé sí ọ̀nà 8. A jẹ ẹ́, ó sì dùn. Kò yẹ kí ẹni tí ń wàásù purọ́ nítorí oúnjẹ.

Bí a ti ń jẹ ẹ́ lọ ni a sọ pé ọkàn wa ń fà sí ẹ̀wà Àgànyìn tí à ń rà ní òwúrọ̀ ní Ṣómólú. Ọmọkùnrin ilé náà, tí kò ì tíì pé ọdún 10, béèrè pé, “Bàbá àgbà, ṣé kì í ṣe oúnjẹ àwọn tálákà tí wọ́n ń tà lẹ́bàá gọ́tà nìyẹn?” Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, kò sì bá a wí. Àwa pẹ̀lú, nítorí pé àlejò ni wá, rẹ́rìn-ín díẹ̀, a sì dákẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rín yẹn kò ti fi ọkàn wa sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a sọ nídìí tábìlì ni a ń sọ nínú ìwé yìí, kí ẹ̀yin ìjòyè àti ọ̀tọ̀kùlú ìlú lè bá wa dá sí i.

Kí ni písà tí ọmọ náà ń yìn? Oúnjẹ tálákà ni, oúnjẹ ojú títì ìlú Naples ní Ìtálì. Àwọn ará Naples tí wọ́n wá iṣẹ́ lọ sí Amẹ́ríkà gbé e lọ́wọ́, wọn kò tijú rẹ̀. Ní ọdún 1905, ilé písà Lombardi ti wà ní New York. Ní ọdún 1958 ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan dá Pizza Hut sílẹ̀ ní Wichita. Ní ọdún 1960 ni Domino's bẹ̀rẹ̀ ní Ypsilanti, ó sì dé Èkó wa níhìn-ín ní ọdún 2012.

Ẹ wá wo bí àwọn tí ó ni nǹkan ti ń tọ́jú nǹkan wọn. Ní ọdún 1984, àwọn ará Naples dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì kọ òfin písà sínú ìwé: ìyẹ̀fun, omi, iyọ̀ àti ìwúkàrà nìkan ni a ó fi po ó, a ó sì yan án fún ìṣẹ́jú kan tàbí ìṣẹ́jú kan àbọ̀ nínú ààrò tí a fi igi dá. Ní ọdún 2017, àjọ UNESCO kọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn mọ́ ogún gbogbo ayé. Domino's wọ Ìtálì ní ọdún 2015, ṣùgbọ́n ní ọdún 2022 ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Àwọn ilé písà ìbílẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbé oúnjẹ lọ bá oníbàárà ní ilé nígbà àrùn kòrónà, wà lára ohun tí ó borí rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì wí pé oúnjẹ tiwa kò lè rí irú iyì bẹ́ẹ̀, kí ó bojú wo Bahia ní ilẹ̀ Bràsíl. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ gbé àkàrà dé ibẹ̀. Acarajé ni wọ́n ń pè é títí di òní, àwọn obìnrin aláṣọ funfun sì ń dín in nínú epo pupa ní gbangba. Ní ọdún 2005, ìjọba Bràsíl kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin náà mọ́ ogún orílẹ̀-èdè. Nígbà tí a ń múra eré bọ́ọ̀lù Ife Àgbáyé ti ọdún 2014, a fẹ́ lé wọn kúrò nítòsí pápá ní Salvador. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀, wọ́n pariwo, wọ́n sì gba àyè wọn padà. Àwọn ọmọ ẹrú gbèjà àkàrà, àwa ọmọ onílé ń tijú ẹ̀wà!

Kí a má ṣe ṣì wá gbọ́. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ písà. Ata, tòmátì, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, láti Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti wá. Ẹ̀wà Àgànyìn pàápàá, àwọn àlejò láti ìhà Tógò àti Benin ni wọ́n gbé e wá bá wa, a sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Gbígba ti àlejò kì í ṣe àbùkù. Àbùkù ni kí a fi ọwọ́ ọ̀tún gba ti àlejò, kí a sì fi ọwọ́ òsì júwe tiwa. Ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà ni Arábìnrin Adéjọkẹ́ Bákàrè ti gba ìràwọ̀ Michelin fún ilé oúnjẹ rẹ̀, Chishuru, ní ọdún 2024. Oúnjẹ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ó fi gbà á. Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń sanwó gọbọi jẹ ni ọmọ wa ń pè ní oúnjẹ ẹ̀bá gọ́tà.

Nítorí náà, a mú ìmọ̀ràn mẹ́ta wá. Èkíní, Ṣómólú ni ìlú àwọn òǹtẹ̀wé. Ìwé ìpè ìgbéyàwó àti kàlẹ́ńdà gbogbo Èkó, níbẹ̀ ni a ti ń tẹ púpọ̀ nínú wọn. Kí Ẹgbẹ́ wa rán àwọn ọ̀dọ́ lọ bá àwọn ìyá alẹ́wà àti alákàrà, kí wọ́n wọn ẹ̀wà, epo àti ata, kí wọ́n ka wákàtí orí iná, kí a sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé kékeré ní èdè Yorùbá tí ó dán mọ́rán. Kí a sanwó fún àwọn ìyá náà, nítorí olùkọ́ ni wọ́n. Èkejì, kí ẹ̀yin ìjòyè máa rà lọ́wọ́ wọn fún ìpàdé àti ayẹyẹ yín, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tí ó sè é ní gbangba. Ẹ̀kẹta, dípò kí a máa lé wọn kiri, kí ẹ bá àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú àti Bàrígà sọ̀rọ̀, kí wọ́n rí omi mímọ́ àti ìsọ̀ tí ó jìnnà sí gọ́tà. Bí gọ́tà bá kúrò lẹ́bàá oúnjẹ, ẹ̀gàn ọmọ náà ti pàdánù ìdajì agbára rẹ̀.

Àwa fúnra wa yóò bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí a wà: kí sáà yìí tó parí, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan yóò kọ bí ìyá rẹ̀ ti ń se oúnjẹ kan wá. A sì ti kọ̀wé sí bàbá ọmọ náà, a jẹ́wọ́ pé a ṣẹ̀ nígbà tí a dákẹ́. Bí wọ́n bá wá sílé, kí wọ́n tó gbọ́ ìwàásù kankan lẹ́nu wa, a ó kọ́kọ́ mú ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ ìyá alẹ́wà ní òwúrọ̀, kí ó kí i lórí ìdọ̀bálẹ̀, kí ó sì tọ́ ọ wò.