Pàlàkà igi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún Màmá Agbowó

Lẹ́tà kan wọlé láti Agbowó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyá àgbà kan ló ni ín, ọmọọmọ wọn ló bá wọn fọwọ́ kọ ọ́. Igi ọ̀gánwó kan wà lẹ́yìnkùlé wọn, bàbá ilé tó ti dolóògbé ló gbìn ín. Ìjì jà lóru ọjọ́ kan, igi ṣubú, ó wó fẹ́ǹsì, ó dí ọ̀nà ilé pa. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta fi gbé ẹ́ńjìnnì agégi dé, wọ́n ní àwọn á bá Màmá palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Màmá fún wọn lówó. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ gbọ́ o: Màmá tó ni igi ló tún sanwó! Ojú wọn báyìí ni wọ́n ṣe la ìtì igi náà sí pákó, wọ́n kó o sínú ọkọ̀, ó di Bódìjà. Pàlàkà igi, níbi tó ti pín sí méjì, ló kù nílẹ̀. Wọ́n ní ìyẹn ò wúlò. Onígi ìdáná kan ti wá ń ná an báyìí. Màmá ní, "Ṣé kí n tà á fún un ni, àbí kí n ṣe é báwo?"

Màmá, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ọ̀rọ̀ igi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì gbowó lọ́wọ́ onígi ìdáná.

Mi ò ní pe àwọn ọmọ yẹn lólè, torí ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dé ọjà pákó Bódìjà rí á mọ ohun tí wọ́n ń wá. Pákó òrùlé ni, tú-báì-fọ́ọ̀, wọ́n-báì-tuẹ́ẹ̀fù, èyí tó gún régé. Pàlàkà ò lè gún láéláé, ara rẹ̀ ti lọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi í sílẹ̀. Àwọn tó ń ṣe tábìlì olówó ńlá ńkọ́? Lílọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ń wá! Níbi tí ẹ̀ka méjì ti pàdé, ìlà ara igi máa ń wọnú ara wọn, á rí bí ìyẹ́ ẹyẹ tàbí bí ọwọ́ iná. Ó sì ti lé ní igba ọdún tí àwọn káfíńtà ìlú Òyìnbó ti ń fi owó gidi wá pàlàkà ọ̀gánwó. Àwa ń fi tiwa yan búrẹ́dì.

Wàyí o, báwo lẹ ṣe fẹ́ gbé igi tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ dé sọ́míìlì? Agbégilódò ò lè wọ ojúlé yín. Tó bá tiẹ̀ wọlé, àwọn onísọ́míìlì ò ní fẹ́ràn igi inú ìlú, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Ayùn ni kó wá bá igi. Èyí kì í ṣe ọgbọ́n tuntun o. Kí sọ́míìlì tó gbòde, àwọn alápákó ayé àtijọ́ máa ń gbẹ́ kòtò síbi tí igi bá ṣubú sí, wọ́n á yí ìtì igi sórí rẹ̀, ẹnì kan á dúró lókè, ẹnì kejì á wọ kòtò, wọ́n á máa fa ayùn gígùn lọ sókè sódò. (Ẹni ìsàlẹ̀ ló ń fojú jẹ lẹ́búlẹ́bú pákó.) Lónìí, máṣíìnì wà tí mọ́tò kékeré lè fà dé ojúlé, tí ayùn inú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí bẹ́líìtì. Ilé iṣẹ́ Wood-Mizer ti ń ṣe irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1982.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì agégi máa ń sọ nǹkan bíi mìlímítà 9 di lẹ́búlẹ́bú nígbàkúùgbà tó bá la igi kọjá. Tí wọ́n bá la ìtì kan sí pákó mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni ayùn kọjá. Mìlímítà 81 ló ṣòfò yẹn, ó ju íǹṣì mẹ́ta lọ. Ayùn bẹ́líìtì kì í jẹ ju mìlímítà 2 sí 3 lọ. Fún ìtì gbọọrọ, òun ló dáa jù. Àmọ́ pàlàkà lè fẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Nígbà náà, ẹ́ńjìnnì agégi alápá gígùn tí wọ́n dè mọ́ férémù irin á ṣe é. Kí wọ́n má ṣe fọwọ́ lásán là á o! Wọ́n á kan pákó tó gún tàbí àkàbà mọ́ orí igi, férémù á gùn ún lọ, ojú àkọ́kọ́ á tẹ́ pẹrẹsẹ, ìyókù á tẹ̀ lé e. Ṣéènì tí wọ́n fi ń gé igi lábùú kọ́ ni wọ́n fi ń là á lóòró. Wọ́n á tún eyín rẹ̀ pọ́n.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ rèé: ayùn gbọ́dọ̀ gba àárín ẹ̀ka méjèèjì kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Tí wọ́n bá yí i sódì, tí wọ́n là á lọ́nà mìíràn, ìyẹ́ ẹyẹ tí mo wí ò ní hàn, igi ìdáná náà ló kù. Kí ìnípọn rẹ̀ tó íǹṣì mẹ́ta, torí á fẹ́ ká kò bó bá ti ń gbẹ.

Igi inú ìlú máa ń gbé irin mì. Ṣé ẹ kì í so okùn aṣọ mọ́ ọ̀gánwó yẹn? Àwọn olóṣèlú ò kan àwòrán wọn mọ́ ọn rí? Bó bá pẹ́, igi á bo ìṣó mọ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní rí i mọ́ títí ayùn yóò fi bá a, tí eyín rẹ̀ á fò. Ohun tí àwọn onísọ́míìlì ń sá fún nìyẹn. Ẹ sọ fún alágégi níbi tí okùn aṣọ wà. (Ìrókò tiẹ̀ ń dá òkúta sínú ara rẹ̀, òkúta gidi, ó sì ń ba ayùn jẹ́ bí irin.) Kí àwọn ọmọdé jìnnà síbẹ̀, kí alágégi sì bo ojú àti imú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá là á tán gan-an ni kí ẹ kun ọ̀dà sí orí méjèèjì, kó má baà sán. Ẹ tò ó síbi tí oòrùn ò dé, tí atẹ́gùn ń fẹ́, kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹ fi igi wẹ́wẹ́ là á láàárín. Àwọn àgbà iṣẹ́ ní ọdún kan fún íǹṣì kan. Oòrùn tiwa lè dín in kù, ṣùgbọ́n ẹ má kánjú. Ọyẹ́ ló burú jù, ẹ bò ó nígbà náà. Kẹ́ ẹ tó gbé pákó kankan jáde, ẹ lọ rí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó igbó, kí wọ́n má baà rò pé inú igbó ọba lẹ ti gé e. Ẹ lè rán ọmọọmọ yín sí FRIN ní Jẹ́ríkò pẹ̀lú, àwọn tó mọ igi wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará Old Bódìjà, ẹ tẹ́tí. Nǹkan bí ọdún 1959 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé síbẹ̀. Igi tí wọ́n bá gbìn nígbà náà ti dàgbà, ọ̀kan lè ṣubú lójò tó ń bọ̀. Èyí tó bá ṣubú fúnra rẹ̀ ni mo ń wí o, kí ẹnikẹ́ni má torí tábìlì lọ bi igi tó ń ṣíji bò wá lulẹ̀.

Màmá, tí onígi ìdáná bá padà dé, ẹ fún un ní ẹ̀ka wẹ́wẹ́ àti èèpo. Kí ọmọọmọ yín kọ̀wé sí mi tí wọ́n bá la pàlàkà náà tán, kó sọ bí inú rẹ̀ ṣe rí.