Kí oníṣòwò tó kọ pátákó, kó bi OAPI léèrè

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó bá fẹ́ sọ òwò lórúkọ ní ọjà Nkololoun, nílùú Douala, gbọ́dọ̀ wo òfin pẹ̀lú.

Ní Cameroon, Benin, Togo àti orílẹ̀-èdè 14 mìíràn, àjọ OAPI tó wà ní Yaoundé ló ń forúkọ àmì ọjà sílẹ̀. Ìforúkọsílẹ̀ kan ṣoṣo dé orílẹ̀-èdè 17 náà fún ọdún 10, ó sì ṣeé tún ṣe. Ẹni tó bá kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ ló sábà máa ń ni ín, kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sára pátákó. Ìwé RCCM nìkan kò tó. Nàìjíríà kò sí nínú OAPI, nítorí náà ìwé Abuja kò dé Douala.

Ẹni tó ń ta bàtà lè pe ìsọ̀ rẹ̀ ní "Bàtà Dáadáa", kó rò pé Yorùbá lásán lòun sọ. Àmọ́ Bata ni orúkọ ilé iṣẹ́ oníbàtà kan tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1894. Ẹjọ́ lè ti ibẹ̀ wá. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin kò ní jẹ́ kí ẹnì kan sọ "Chaussures" di tirẹ̀ nìkan, torí gbogbo oníbàtà ló ń lò ó. Oríkì bíi Àjíkẹ́ sàn jù, bí ẹlòmíràn kò bá tíì gbà á.

Owó ìforúkọsílẹ̀ lè dà bí ìnira. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá gba orúkọ mọ́ lọ́wọ́ yóò pa pátákó rẹ́, yóò sì tún máa wá oníbàárà tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.